Ṣé táìlì àti gíráòtù tó láti dá omi bálùwẹ̀ dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Òkè ni bálùwẹ̀ wa wà, yàrá ìjókòó ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gùn ní mítà 2.4, ó fẹ̀ ní mítà 1.7. Ẹnu ọ̀nà wà ní ìpẹ̀kun kan, ọpọ́n ìwẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun kejì. Ìyá ọkọ mi ti dàgbà, wọn ò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá etí ọpọ́n mọ́, la bá pinnu láti yọ ọ́ kúrò, kí ilẹ̀ lè tẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ ṣáwà. Oníṣẹ́ táìlì wa ní kò sí wàhálà: òun á da ìyẹ̀fun adènà-omi sínú símẹ́ńtì, òun á to táìlì, òun á fi gíráòtù tó dáa dí i, ó parí. Ọkọ mi gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ta ló tọ̀nà? Kí ló sì yẹ ká béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọkàn yín ò ṣì í bí kò ṣe balẹ̀. Òótọ́ ni pé táìlì tó dáa kì í fa omi, àmọ́ táìlì nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀ bálùwẹ̀. Láàárín táìlì kan àti èkejì ni gíráòtù wà, símẹ́ńtì sì ni ọ̀pọ̀ gíráòtù. Nígbàkígbà tẹ́nì kan bá wẹ̀, omi díẹ̀ ń rọra wọnú rẹ̀ lọ. Ó tún máa ń sán tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, torí pé ilé kì í dúró gbagidi bá a ṣe rò: tí ooru bá mú, ó ń fẹ̀, tó bá tutù, ó ń sún kì. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dà sínú símẹ́ńtì wúlò lóòótọ́, ó ń dín bí kọnkéré ṣe ń fa omi kù, ṣùgbọ́n kò lè dí ibi tó bá sán. Lọ́jọ́ tí kọnkéré yẹn bá sán ní ìwọ̀n fọ́nrán irun kan, omi ti rọ́nà.

Ohun tó ń dá omi dúró gan-an ni awọ kan tí wọ́n ń tẹ́ tàbí tí wọ́n ń kùn sábẹ́ táìlì, tó gba orí ilẹ̀ lọ dé ara ògiri láìjá níbì kankan. Ńṣe ló dà bí ẹni tó wọ aṣọ ẹ̀yẹ lé aṣọ òjò: bí òjò bá rọ̀, aṣọ ẹ̀yẹ á tutù, ara kò ní tutù. Nígbà tí ọpọ́n ìwẹ̀ wà níbẹ̀, àìsí awọ yìí lè má hàn fún ọdún pípẹ́, torí ọpọ́n ló ń gba gbogbo omi. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di ọpọ́n nìyẹn, yàrá ìjókòó yín sì ni abẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ awọ ni màá kọ́kọ́ bá oníṣẹ́ yín sọ. Ihò tí omi máa gbà jáde ni. Mo rí i pé àwọn èèyàn máa ń lọ ra táìlì kí wọ́n tó mọ ibi tí omi máa gbà, bẹ́ẹ̀ ihò yẹn ló ń pinnu bí ilẹ̀ ṣe máa ga tó, ibi tó máa dà sí, àti bí táìlì ṣe máa tóbi tó. Páìpù ọpọ́n yín ti wà níbẹ̀, ẹ lè rò pé òun náà lẹ máa lò. Ẹ ṣọ́ra. Òkè ilẹ̀, lábẹ́ ọpọ́n níbẹ̀, ni páìpù ọpọ́n sábà máa ń wà, ibi tó ti tẹ̀ kọdọrọ tí omi díẹ̀ ń dúró sí kí òórùn má bàa gòkè wá náà ò sì wọlẹ̀ rárá. Ihò tó wà nínú ilẹ̀ pẹrẹsẹ kò láǹfààní bẹ́ẹ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ wọnú ilẹ̀ lọ: ara ihò náà, omi tó ń dènà òórùn, tó yẹ kó jìn tó mìlímítà 50, àti páìpù tó ń lọ síta, tí òun náà gbọ́dọ̀ máa wọlẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 20 fún mítà kọ̀ọ̀kan.

Níbo wá lẹ ti máa rí àyè yẹn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ pákó, àyè wà láàárín àwọn igi tó dábùú, bí páìpù bá ṣáà lè gba ìhà kan náà tí igi ń gbà. Bó bá gbọ́dọ̀ dábùú wọn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn gé igi wọ̀nyẹn láti fi wá ọ̀nà fún páìpù. Bó bá jẹ́ dẹ́kìn kọnkéré, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ títí kan ọ̀pá irin inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnjiníà ti wò ó. Ọ̀nà tó sábà máa ń rọrùn ni kí wọ́n lu ihò kan ṣoṣo, kí páìpù sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ dẹ́kìn, kí wọ́n sì fi sílíǹgì bò ó nísàlẹ̀. Àwọn ihò tí kò jìn, tí wọ́n dìídì ṣe fún ilẹ̀ tí kò nípọn, tún wà. Ohun tí mi ò ní fọwọ́ sí ni kí wọ́n gbé gbogbo ilẹ̀ bálùwẹ̀ ga láti fi bo páìpù, torí àtẹ̀gùn kan á wá wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí làǹfààní yíyọ ọpọ́n fún Màmá nígbà náà?

Ẹ tún wo bí omi ṣáwà ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ gbé ike tẹ́ ẹ mọ iye lítà rẹ̀ sábẹ́ ṣáwà tẹ́ ẹ fẹ́ lò, kẹ́ ẹ fi aago wo ìṣẹ́jú kan. Ṣáwà lásán sábà máa ń tú lítà 8 sí 12 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn olórí gbàràmù tí omi wọn ń bọ́ bí òjò lè tó lítà 20. Iye tí ihò lè gbé lọ máa ń wà lára páálí rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ju iye tí ṣáwà ń tú lọ, kì í ṣe kó bá a dọ́gba, torí irun àti ọṣẹ á dín agbára rẹ̀ kù tó bá yá. Ẹ ní kí púlọ́ńbà lo páìpù mìlímítà 50. Èyí tó jẹ́ 40 á gbé e lọ lóòótọ́, títí di ọjọ́ tí irun bá dí i díẹ̀.

Ó wá ku bí ilẹ̀ ṣe máa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lábẹ́ ṣáwà, mìlímítà 20 fún mítà kan ni mo fẹ́. Bó bá dín sí bíi 12, omi á máa dúró. Bó bá ju 25 lọ, ẹsẹ̀ àgbàlagbà á mọ̀ ọ́n lára, àga ìwẹ̀ náà ò ní dúró dáadáa. Ẹ̀yà ihò méjì ló wà. Èyí tó jẹ́ ihò onígun mẹ́rin kékeré láàárín ilẹ̀ ń béèrè pé kí ilẹ̀ dà sí i láti ọ̀nà mẹ́rin, táìlì ńlá kò sì lè tẹ̀ síbẹ̀ láìgé e sí wẹ́wẹ́. Èyí tó jẹ́ gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ oní-irin, tí wọ́n ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ń jẹ́ kí ilẹ̀ dà sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Nínú yàrá tiyín, gọ́tà ni kẹ́ ẹ gbà, kí wọ́n gbé e sẹ́sẹ̀ ògiri ìpẹ̀kun tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọpọ́n wà, kó sì gba bíi gbogbo fífẹ̀ ògiri náà. Bí ibi ìwẹ̀ bá gùn ní mítà 1.2, ìpẹ̀kun á wọlẹ̀ ní mìlímítà 24 péré. Mítà 1.2 tó kù sápá ẹnu ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ tẹ́ pátápátá, ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀ ní bíi mìlímítà 5 sí 10 fún mítà kan síhà ṣáwà, kí ẹ̀kán omi kankan má ṣe rí ọ̀nà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń ṣì í, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an pẹ̀lú, mo sì fẹ́ kí ọkọ yín ka ibí yìí dáadáa. Wọ́n á kun awọ adènà omi sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á wá da símẹ́ńtì lé e lórí, símẹ́ńtì yẹn ni wọ́n á fi ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lójú, ó dára: ojú táìlì dà sí ihò. Ṣùgbọ́n omi tó bá gba inú gíráòtù wọlẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ títí dórí awọ, awọ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ò sì ní mọ ibi tó máa lọ. Á dúró sínú símẹ́ńtì yẹn lọ́sàn-án lóru. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gíráòtù á dúdú, kò ní gbẹ mọ́, òórùn á bẹ̀rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun á máa yọ láàárín táìlì, wọ́n á sì máa bú ọṣẹ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kó kọ́kọ́ wà, kí awọ wá tẹ̀ lé e lórí, kí táìlì wá lẹ̀ mọ́ awọ náà tààrà. Awọ gbọ́dọ̀ dà síhà ihò bí táìlì ṣe dà, kó sì lẹ̀ mọ́ etí pẹlẹbẹ tó yí ihò ká, kí omi tó bá dé abẹ́ táìlì lè rí ọ̀nà bọ́ sínú ihò kan náà.

Kí awọ tó dé, ohun tó máa dúró lé gbọ́dọ̀ gbẹ. Símẹ́ńtì ìtẹ́lẹ̀ lásán ń gba nǹkan bí ọjọ́ kan fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan tó nípọn, títí dé bíi mìlímítà 50. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ń pẹ́ ju ìṣirò yẹn lọ. Àwọn símẹ́ńtì tó ń tètè gbẹ wà, tí kánjúkánjú bá wà. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ pákó, kò gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ bí èèyàn bá rìn lórí rẹ̀. Ẹ fi pílàìwúùdù tó tó mìlímítà 18 fún un lágbára, kí wọ́n sì fi ìṣó aláyìípo dè é mọ́lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ní ti ògiri, bọ́ọ̀dù jípúsọ̀mù lásán kò yẹ lágbègbè ṣáwà. Bọ́ọ̀dù símẹ́ńtì ni kí wọ́n lò, tàbí ògiri tí wọ́n fi yanrìn àti símẹ́ńtì rẹ́.

Awọ fúnra rẹ̀ wà ní oríṣi méjì tẹ́ ẹ máa bá pàdé jù. Ọ̀kan jẹ́ olómi tí wọ́n ń kùn bí ọ̀dà. Èkejì wá ní rólù, tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì, tí etí kan sì ń gun orí èkejì. Èyí tó wà ní rólù kò lè tín-ín-rín níbì kan kó nípọn níbòmíì, ohun tó dáa jù lára rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ibi tí etí ti pàdé àti igun rẹ̀ ń béèrè ọwọ́ tó mọṣẹ́. Fún yàrá kékeré bíi tiyín, olómi tó. Wọ́n á kọ́kọ́ kun práímà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó kun gbogbo ilẹ̀, wọ́n á fi téépù aláṣọ sí gbogbo igun tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ àti tí ògiri ti pàdé ògiri, wọ́n á fi òrùka onírọ́bà sí ọrùn gbogbo páìpù tó yọ jáde, wọ́n á rì wọ́n sínú olómi náà. Àwọn ibi wọ̀nyí ló ń jò. Èmi ò tíì rí àárín ilẹ̀ tó jò kí igun tó jò.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kùn ún lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Bí èkíní bá gba òró lọ, kí èkejì gba ìbú, kí àwọ̀ méjèèjì sì yàtọ̀ bí ẹ bá rí irú rẹ̀ rà, kí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì fò lè hàn sójú. Bó ṣe nípọn tó ṣe pàtàkì: ìlànà ilẹ̀ Jámánì tó wà fún inú ilé, DIN 18534, ń béèrè mìlímítà 0.5 ó kéré tán lẹ́yìn tó bá gbẹ fún olómi aláìnísímẹ́ńtì tí wọn kì í po mọ́ nǹkan míì, àti mìlímítà 2 fún èyí tó ní símẹ́ńtì nínú. Ẹ ò lè fi ojú wọn ìyẹn. Ọgbọ́n tí mo máa ń dá ni pé mo ń ka ike olómi náà tó ti ṣófo. Ọ̀pọ̀ irú olómi yìí ń gba kílò kan sí kílò kan àbọ̀ fún mítà onígun mẹ́rin kan, ọ̀ọ́kán ni wọ́n sì kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Ilẹ̀ yín jẹ́ mítà onígun mẹ́rin mẹ́rin. Ògiri mẹ́ta tó yí ṣáwà ká, tí wọ́n bá kùn ún dé mítà méjì sókè, jẹ́ bíi mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ ògiri tó kù, ní sẹ̀ntímítà 15 sókè, kò ju ìdajì lọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju 13 lọ. Nítorí náà, bíi kílò 13 sí 20 ló yẹ kó tán. Bí oníṣẹ́ bá fi kílò méje parí iṣẹ́, ọ̀dà lásán ló kùn.

Ẹnu ọ̀nà yín ń béèrè àfiyèsí tirẹ̀, torí kò ní àtẹ̀gùn. Omi lè gba inú gọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ táìlì yọ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i lójú táìlì, pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ oní-igun bíi lẹ́tà L dábùú ẹnu ọ̀nà, gẹ́lẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Kí orí rẹ̀ bá ojú táìlì dọ́gba, kí awọ sì gòkè lọ lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Ẹsẹ̀ Màmá ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Bí awọ bá ti gbẹ dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí táìlì kankan tó dé, ẹ dán an wò. Ẹ dí ihò pa, ẹ fi nǹkan gíga díẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ẹ bu omi sí i títí ibi tó ga jù nílẹ̀ náà á fi wà lábẹ́ omi, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ògiri níbi tí omi dé, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Omi tó ga ní mìlímítà 25 wúwo ní kílò 25 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, ìyẹn ni pé gbogbo rẹ̀ ò ju kílò 100 sí 150 lọ nínú yàrá yín. Ilẹ̀ tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ yẹ kó gbé e. Bí ẹ bá ní ìdí láti rò pé kò ní gbé e, ẹ ti rí ìṣòro tó ju bálùwẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wo àmì, ẹ sì lọ wo sílíǹgì yàrá ìjókòó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Afẹ́fẹ́ lè gbé ìwọ̀nba omi díẹ̀ lọ. Bó bá wálẹ̀ débi tójú lè tètè rí i, ẹ wá ibi tó ń jò kí táìlì tó bò ó. Ìdánwò yìí kò sọ ohunkóhun nípa ògiri, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ ka ike olómi tó ti ṣófo.

Nípa ti Màmá: ọ̀pá ìdìmú àti àga tó ń ká mọ́ ògiri gbọ́dọ̀ rí ohun tó le dìmú. Bí ògiri bá jẹ́ bọ́ọ̀dù, kí káfíńtà fi pílàìwúùdù sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ọ̀pá máa wà, kí bọ́ọ̀dù àti awọ tó dé. Ẹ mú Màmá wá kí wọ́n jókòó sórí àga lásán nínú yàrá òfìfo náà, kí wọ́n na ọwọ́, kẹ́ ẹ sàmì síbi tí ọwọ́ wọn dé. Gíga tó wà nínú ìwé kò mọ̀ wọ́n. Gbogbo ihò tí wọ́n bá lu nígbẹ̀yìn láti fi ìṣó de ọ̀pá náà ti la awọ kọjá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kún un fún sílíkóònù kí ìṣó tó wọlé. Ibi tó tutù jù nílẹ̀ ni kí wọ́n má ṣe de ohunkóhun mọ́. Ẹ ra ẹ̀rọ ṣáwà tó ń dá ìgbóná omi dúró lójú kan, nítorí awọ ara àgbàlagbà tètè ń bó.

Táìlì wá kù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò gùn. Ẹ wo bí kì í ṣe yọ̀: lára páálí ọ̀pọ̀ táìlì, lẹ́tà A, B tàbí C wà fún ẹsẹ̀ lásán tó tutù, B tàbí C ni kẹ́ ẹ mú. Táìlì dídán gbinrin, ẹ fi sílẹ̀ fún ògiri. Kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù kún gbogbo ẹ̀yìn táìlì, kì í ṣe tótótó níbi mẹ́rin, torí omi á jókòó sínú àwọn àlàfo yẹn. Gíráòtù kò gbọ́dọ̀ wọ igun tí ògiri ti pàdé ilẹ̀. Sílíkóònù ló ni ibẹ̀, torí òun lè nà kó sì sún kì.

Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta pọn dandan, àní bí fèrèsé bá wà. Lítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìlànà ilé kíkọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè fún bálùwẹ̀; kó máa ṣiṣẹ́ lọ fún bíi ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí ẹni tó ń wẹ̀ bá jáde. Láìsí i, yàrá tí gbogbo rẹ̀ ń tutù lẹ́ẹ̀kan náà kò ní gbẹ, ara sílíǹgì á bu. Iná ṣíṣe, oníṣẹ́ iná tó níwèé-ẹ̀rí nìkan ni kó fọwọ́ kàn án, kó sì fi ẹ̀rọ tó ń já iná bí iná bá jò tó mílíámpù 30 sí i. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá parí, bí ẹ bá rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òórùn ń yọ nígbà tẹ́ ẹ dé, kì í ṣe pé awọ jò: omi inú ihò ló gbẹ. Ẹ bu omi sí i.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi oníṣẹ́ yín kó tó gbé símẹ́ńtì wọlé. Ṣé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á wà lábẹ́ awọ ni, àbí lókè rẹ̀? Báwo ni awọ ṣe máa lẹ̀ mọ́ ihò, orúkọ ihò wo lo sì fẹ́ lò? Ọjọ́ wo la máa bu omi sí i, ká tó to táìlì? Bó bá dáhùn méjèèjì àkọ́kọ́ dáadáa, tó wá ní ìbéèrè kẹta ń fi àkókò ṣòfò, ẹ sọ fún un pé owó táìlì ò ní jáde títí omi á fi dúró lójú kan fún wákàtí 24. Bí kò bá gbà, ẹ wá ẹlòmíì, kẹ́ ẹ fi ọpọ́n sílẹ̀ níbi tó wà títí ẹ ó fi rí i.